Ìdáhùn lórí orúkọ àwọn epo ọṣẹ irun: "ìfọmọ́" kọ́, "ìyọ̀rá" ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lè bá wa lọ: àwọn kan nínú wa ń kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá nípa bí èèyàn ṣe ń yan epo fún ọṣẹ irun tí a fọwọ́ ṣe nílé, ìyẹn ọṣẹ líle tó ń ṣe iṣẹ́ ṣáńpù inú ike. Wọ́n ti kó àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ lò síwájú wa, wọ́n ní ká yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní ká tó fọwọ́ sí i. Èyí tó dára pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pe àdín àgbọn ní "epo ìfọmọ́", wọ́n sì pe ohun tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń pè ní superfat, ìyẹn epo díẹ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ láìdọṣẹ, ní "ọ̀rá àjù". Ibẹ̀ ni èmi àti wọn ti yà. Orúkọ kìíní yóò mú kí ẹni tó fẹ́ ṣe ọṣẹ da epo kan jù. Èkejì yóò mú kó sá fún ohun tó yẹ kó mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀.

Ọṣẹ wo ni kì í fọ nǹkan mọ́? Èyí tí a fi òróró ólífì nìkan ṣe ń fọ irun mọ́, èyí tí òrí pọ̀ nínú rẹ̀ náà ń fọ̀ ọ́ mọ́. Ohun tí ìṣirò ọṣẹ ń wọ̀n, tí àwọn akọ̀wé wa wá túmọ̀ sí ìfọmọ́, kì í ṣe mímọ́. Iye ásíìdì ọ̀rá méjì, lauric àti myristic, tó wà nínú àpapọ̀ epo ni wọ́n ń kà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lauric nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì àdín àgbọn. Ọṣẹ tó bá ti ara rẹ̀ jáde máa ń tètè yòrò nínú omi, ìhó rẹ̀ máa ń tóbi, ó sì máa ń ha ọ̀rá dànù lára ohun tó bá kàn, títí kan ọ̀rá tí awọ orí fúnra rẹ̀ ń sun jáde fún irun. Ẹni tó bá ka "epo ìfọmọ́" á rò pé bí òun bá ṣe rọ ọ́ sí i tó ni irun òun á ṣe mọ́ tó. Á fi tó ìdá 60 nínú 100. Bó bá fọrun tán, irun á le gbagidi, ìka ò ní lè gba àárín rẹ̀ kọjá, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í sábà jẹ́ kó kọjá ìdá 30 nínú ọṣẹ irun. Bí irun bá jẹ́ èyí tó máa ń gbẹ, wọn a fà á wálẹ̀ sí 20 tàbí 15.

Nítorí náà, "epo ìyọ̀rá" ni mo fi lélẹ̀. Ó yọ ọ̀rá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á béèrè lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rá wo, èló ni kó yọ, èló ni kó ṣẹ́ kù. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń yan epo béèrè náà nìyẹn. Ẹnì kan ti kọ̀wé pé "ìyọ̀rá" dún bí oògùn àwọn tó fẹ́ fọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà pé ó dún bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé ọṣẹ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe lójú pópó. Ẹlòmíì ní kò sẹ́ni tó máa fẹ́ epo tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìlànà là ń kọ, a ò polówó. Ẹni tí awọ orí rẹ̀ máa ń sun ọ̀rá púpọ̀ jáde, tí irun rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra kí ọjọ́ kejì tó pé, irú epo yẹn gan-an ló ń wá, orúkọ náà á sì júwe ibi tó wà fún un.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "epo" fúnra rẹ̀. Bí a bá pe epo lásán, epo pupa ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́. Bí a bá pe òróró, ẹlòmíì á gbọ́ òróró ẹ̀pà. Àdín lásán, ti ẹ̀kùrọ́ ni. Àwọn akọ̀wé wa ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn, ní ojú ìwé kan wọ́n sì kọ "àdín, 300 gíráàmù" níbi tó jẹ́ ti àgbọn ni wọ́n ní lọ́kàn. Lójú àwọn tó dáhùn ṣáájú mi, àìfarabalẹ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ ká bá ìṣirò rẹ̀ lọ.

Iye ìdọṣẹ ni gíráàmù kọ́sítíìkì sódà tí gíráàmù epo kan ń fẹ́ kó tó dọṣẹ tán. Àdín àgbọn ń fẹ́ nǹkan bíi 0.183, àdín ẹ̀kùrọ́ 0.176, epo pupa 0.142, òróró ólífì 0.135, epo lárà àti òrí 0.128. Ká wá sọ pé a fẹ́ ṣe kìlógíráàmù kan: àdín àgbọn 300, òróró ólífì 300, epo lárà 150, epo pupa 150, òrí 100. Àpapọ̀ sódà tí wọ́n ń fẹ́ jẹ́ gíráàmù 148.7. A yọ ìdá 4 nínú 100 kúrò kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́ kù láìdọṣẹ, ó ku 142.8. Ẹni tó bá ka "àdín" tó sì gbọ́ ti ẹ̀kùrọ́ á da ti ẹ̀kùrọ́ sí i, sódà tí epo rẹ̀ ń fẹ́ á sì jẹ́ 146.6 péré. Epo tó yẹ kó ṣẹ́ kù ti bọ́ láti ìdá 4 sí ìdá 2.6, kò sì mọ̀. Àwọn àdín méjèèjì jọra lọ́wọ́, lauric inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lára ọṣẹ. Bí òṣùwọ̀n ẹni náà bá tún ṣì í díẹ̀, sódà tí kò rí epo jẹ á kù nínú ọṣẹ tí yóò fi kan orí. Torí náà, ẹ jẹ́ kí "epo" dúró fún gbogbo wọn lápapọ̀, kí ẹ máa kọ "epo pupa" ní kíkún, kí "àdín" má sì dá nìkan rìn níbi kankan nínú ìwé yẹn.

(Ẹ sì dákun, ẹ fi àmì sórí òrí. Mo rí "e fi ori si i" nínú ìwé nípa irun. Orí ta ni?)

Mo wá débi superfat. "Àjù" jẹ́ ẹ̀sùn. Ohun tó bá ti jù, ó yẹ kí a dín in kù ni. Ẹ̀gbọ́n tó dá "ènì" lábàá ló gba ìbò mi, torí pé ènì jẹ́ ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi lé òṣùwọ̀n, tí kì í pọ̀, tí kò sì sí lára ohun tí a rà. Ẹni tó ta kò ó ní ọlọ́jà ló ń fún oníbàárà lénì, ta ló wá ń fún ta nínú ìkòkò ọṣẹ? Ẹni tó ń ṣe ọṣẹ ni: ó fún sódà ní epo ju èyí tí ó lè sọ di ọṣẹ lọ. Òótọ́ ni pé lórí ìwé, sódà ni wọ́n ń dín, epo kọ́ ni wọ́n ń fi kún un, ṣùgbọ́n ibì kan náà lọ̀nà méjèèjì já sí. Ọṣẹ ìwẹ̀ sábà máa ń gba ènì ìdá 5 sí 8. Ti irun ò gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀, 3 sí 5 ti tó, torí pé epo tí kò dọṣẹ á dúró sórí irun, á sì mú un wúwo.

Níbi ènì yìí kan náà ni gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n pa rẹ́. Wọ́n ní kí èèyàn fi òrí sílẹ̀ dìgbà tí ọṣẹ bá ti ki, kó wá dà á sí i gbẹ̀yìn, kí òrí lè jẹ́ ènì. Nínú ọṣẹ àìsè, ìyẹn èyí tí a kàn pò tí a sì dà sínú àwo, iṣẹ́ sódà kò tíì jìnnà nígbà tí ọṣẹ bá ki. Epo tó bá bá pàdé ló ń mú, kò mọ èyí tó wọlé kẹ́yìn. Ọṣẹ àsè nìkan ni èèyàn lè ti yan ènì rẹ̀: ìgbà tí ó bá ti jinná, tí sódà ti tán, ni yóò da òrí sí i.

Lórí "ìsọdọṣẹ" àti "ìdọṣẹ", mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe é, èkejì jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí epo. Èdè wa gba méjèèjì. Ti "omi eérú" ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Pọ́táṣì ló wà nínú omi eérú, òun ló sì ń mú ọṣẹ rọ̀ tàbí kó di olómi. Sódà ló ń mú un le. Iye tí epo ń fẹ́ nínú wọn kò dọ́gba: 100 gíráàmù àdín àgbọn ń fẹ́ nǹkan bíi 18.3 sódà, ṣùgbọ́n yóò fẹ́ 25.7 pọ́táṣì. Bí ìwé bá ń pe sódà ní omi eérú, a ti da tábìlì méjì pọ̀ mọ́ra nìyẹn. Sódà ni kó máa jẹ́. Kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ìbẹ̀rẹ̀ pé sódà là ń dà sínú omi, a kì í da omi lé sódà lórí, kò sì gbọdọ̀ kan ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù.

Wọ́n pe epo lárà ní "epo ìhó". Ẹ fi epo lárà nìkan ṣe ọṣẹ wò: ó rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìhó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ìhó tí àdín bá gbé wá ni epo lárà ń dì mú kó má tètè pòórá, nítorí ricinoleic, ásíìdì ọ̀rá tó kó nǹkan bíi ìdá 90 nínú rẹ̀. "Epo agbéhódúró" ni kó jẹ́, bó bá gùn lẹ́nu yín ẹ gé e. Ìdá 10 sí 15 ni mo máa ń rí nínú ọṣẹ irun tó dára. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọṣẹ á rọ̀ bọ̀jọ̀bọ̀jọ̀. "Epo amúle" fún epo pupa àti òrí, ó tẹ́ mi lọ́rùn. "Epo ìmúrọ̀" fún òróró ólífì náà dára, ṣùgbọ́n wọ́n kó òróró sóyà àti sunflower sábẹ́ rẹ̀ láìfi ìkìlọ̀ kankan sí i. Linoleic ló kún inú méjèèjì. Bí wọ́n bá pọ̀ nínú ọṣẹ, àmì rúsúrúsú á yọ lára rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òórùn epo tó ti bàjẹ́ á sì tẹ̀lé e.

Ìlà kan wà tí kò nílò orúkọ tuntun rárá, ẹ kàn yọ ọ́: "epo ìpẹ̀tù", tí wọ́n ṣàlàyé pé ó ń mú pH ọṣẹ (òṣùwọ̀n kíkan, tó máa ń kéré bí nǹkan bá ṣe kan tó) wálẹ̀ sí ti irun. Kò sí irú epo bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ tí a fi epo àti sódà ṣe, pH rẹ̀ máa ń wà láàárín 9 sí 10, epo yòówù kí èèyàn yàn. Awọ orí wà nítòsí 5.5. Ìdí tí àwọn tó ń lo ọṣẹ irun fi ń fi omi tí wọ́n là mọ́ ọtí kíkan díẹ̀ ṣan irun gbẹ̀yìn nìyẹn. Bí omi ibẹ̀ bá sì jẹ́ irú èyí tí calcium àti magnesium pọ̀ nínú rẹ̀, tí ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀, nǹkan funfun kan á lẹ̀ mọ́ irun, yíyan epo nìkan kò sì lè wò ó. Ọṣẹ líle kan wà tí kì í ṣe epo àti sódà, tí pH rẹ̀ sún mọ́ ti awọ orí. A lè pe tiwa ní "ọṣẹ irun àfepoṣe" níbi tó bá yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó ku orúkọ ọṣẹ náà. "Ṣáńpù gbígbẹ" kò dára, torí ohun míì wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tù tí wọ́n ń bù sí irun láìlo omi. "Ọṣẹ ìfọrun" dára létí, ṣùgbọ́n bí àmì bá bọ́, ẹni tó ń kà á lè kà á sí ọrùn. "Ọṣẹ irun" tó. Ọṣẹ fúnra rẹ̀ ti le lédè wa, èyí tó bá jẹ́ omi là ń pè ní ọṣẹ olómi. Àwọn tó sì ní kí ṣáńpù kúrò nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ má fi ẹ̀sùn yẹn kàn án. Chāmpo ní èdè Hindi ni, "tẹ̀ ẹ́, pò ó". Nígbà tó wọ Gẹ̀ẹ́sì ní 1762, wíwọ́ ara ló túmọ̀ sí. Iṣẹ́ ara wíwọ́ nínú ooru omi gbígbóná náà ni Sake Dean Mahomed, ọmọ Íńdíà kan, gbé lọ sí Brighton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1814, kò sí ọṣẹ irun nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ó pẹ́ kó tó kan irun. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kó wà nínú àlàyé, kí ọṣẹ irun wà lórí èèpo ìwé.

Bí àwọn akọ̀wé bá gbà, kí wọ́n kọ́kọ́ tún ìlà "àdín, 300 gíráàmù" yẹn ṣe kí wọ́n tó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn orúkọ tó kù lè dúró de ìbò.