Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi tí oṣù rẹ̀ kò pé, kí ni kí n máa ṣọ́ ní ikùn rẹ̀?

Ìyá Tuntun, Sùúrùlérè
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá. Ọ̀sẹ̀ 29 ni mo bí ọmọ mi, gíráàmù 1,200 ló wọ̀n. Ọjọ́ 12 rèé nínú ínkúbétọ̀ ní Erékùṣù. Lánàá, nọ́ọ̀sì ní kí n máa ṣọ́ ikùn rẹ̀ nítorí àrùn ìfun kan tí wọ́n ń pè ní NEC. Wọn ò ráyè ṣàlàyé. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀yin tó ti rí i, kí lẹ kọ́kọ́ rí?

Ìyá Àdùkẹ́, Èbúté Mẹ́ta
Ẹ kú ewu o. Ọlọ́run á dá a sí. Ọjọ́ 16 ló ṣe tèmi, nígbà tí a rò pé ó ti bọ́. Wàrà kò dà mọ́: bí wọ́n bá fi sírínjì fa rọ́bà imú tí wàrà ń gbà wọ ikùn rẹ̀, wàrà wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀. Ikùn wú, ó le, ó ń dán. Mo sọ láàárọ̀, wọ́n ní gáàsì ni. Nígbà tó dalẹ́, ó bì, èébì náà rí bí omi ewé. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sáré. Ká ní mo pariwo láàárọ̀ ni! Ẹ má dúró de ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ìkókó, Yaba
Òótọ́ ni. Bí ara rẹ̀ bá tutù lójijì, tó rọ jọwọrọ, tàbí tí èémí rẹ̀ ń dá dúró ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ pè wá. Ìyá tó jókòó tì í máa ń tètè mọ̀ pé ọmọ òun ò ṣe bíi tàná. Bí a bá ti fura, a ó dá oúnjẹ dúró, a ó fa afẹ́fẹ́ inú ikùn jáde, a ó fún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò, a ó ya X-ray. Afẹ́fẹ́ tó há sára ògiri ìfun là ń wá. Àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn, la ṣe ń tún un yà. Bí ìfun bá ti lu, ó di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Màmá Ìsàlẹ̀ Èkó
Ṣé kò lè mu gripe water díẹ̀? Òun la fi tọ́ ẹ̀yin.

Nọ́ọ̀sì Ìkókó, Yaba
Ẹ ṣeun, Màmá, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ìfun rẹ̀ kò tíì gbó. Kò gbọdọ̀ gba omi, kò gbọdọ̀ gba àgbo. Wàrà ọmú ìyá rẹ̀ ni ààbò rẹ̀.

Ìyá Tuntun, Sùúrùlérè
Èyí tí mo ń rí fún ò ju ṣíbí méjì lọ. Ojú ń tì mí láti gbé e lọ.

Ìyá Àdùkẹ́, Èbúté Mẹ́ta
Ẹ gbé e lọ! Mílílítà kan la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi yìnyín sí kúlà, Third Mainland Bridge kì í ṣe ọ̀nà kékeré. Ẹ sì bẹ nọ́ọ̀sì kí wọ́n máa fi téèpù wọn ikùn rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, lójú ibì kan náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Tuntun, Sùúrùlérè
Mo ti wà nínú danfo ní Ojúẹlẹ́gba, kúlà wà lórí itan mi. Mo fẹ́ bá nọ́ọ̀sì alẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ iṣẹ́.