Wọ́n ń yọ owó ìwé àṣẹ lára owó iṣẹ́ àbúrò mi ní Ireland. Ṣé òfin wọn gbà á?

ÌyáÌbejìÌsinkàn:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi obìnrin ń tọ́jú arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan lágbègbè Cork. Àná ló ya payslip rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo gbé awò sójú, mo fẹ fọ́tò náà títí ó fi fẹ́ẹ̀ bàjẹ́ mọ́ mi lójú. Owó orí wà níbẹ̀, ìyẹn ò dùn mí. Nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ "permit" sí, yúrò 60 ni wọ́n sì yọ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni o! Ọ̀gá rẹ̀ ní owó tí àwọn fi gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún un ló ń san padà. Páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni.

Agent tó bá wa ṣe é ní Alágbàká níbí ní kó panu mọ́, pé bó bá fọhùn wọ́n á dá a padà sí Àkúrẹ́. Ilẹ̀ bàbá wa ní Ọ̀bà-Ilé la tà kó tó lọ. Kí ni kó ṣe?

ỌmọArákàlẹ̀:
Ẹ ní kó ṣe sùúrù, mà. Àìmọye èèyàn ló ń wá irú iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó gbé èèyàn dé òkè òkun, a kì í bá a fa ọ̀rọ̀.

BàbáTópẹ́_ỌdàRoad:
Ọmọ Arákàlẹ̀, ẹ má bínú, irú ìmọ̀ràn yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́ àwọn ọmọ wa jẹ. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn ní Limerick, ní Ireland níbẹ̀, kí n tó padà wálé.

Ìyá Ìbejì, òfin ìwé àṣẹ iṣẹ́ ti Ireland kò gbà kí ọ̀gá yọ owó ìwé àṣẹ tàbí owó ìgbanisíṣẹ́ lára owó òṣìṣẹ́. Kò sì gbà kó mú páásípọ́ọ̀tù ẹnikẹ́ni dání. Kí àbúrò yín fi email béèrè páásípọ́ọ̀tù náà, kì í ṣe lẹ́nu, kí ẹ̀rí lè wà. Bí wọn ò bá dáhùn, Workplace Relations Commission ni kó fẹjọ́ sùn, àjọ ìjọba Ireland tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn òṣìṣẹ́, WRC ni wọ́n ń pè é. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù wọn wà, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀gá tó bá fìyà jẹ ẹ́ torí pé ó fẹjọ́ sùn tún ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn.

Ó ti tó ìgbà wo tó ti wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n sì ń fún un ní àfikún bó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday? Òfin ò dárúkọ iye kan pàtó, àmọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ wà fún un.

ÌyáÌbejìÌsinkàn:
Oṣù kẹjọ ló ń lọ yìí. Kò sí àfikún kankan, Sunday kan náà ni pẹ̀lú Monday. Wọ́n tún ní kò lè gba ìsinmi olówó àfi bó bá pé ọdún kan.

BàbáTópẹ́_ỌdàRoad:
Irọ́ funfun! Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìsinmi ti ń gbára jọ, ọ̀sẹ̀ 4 lọ́dún fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kíkún.

Oṣù kẹjọ tẹ́ ẹ sọ yìí ló ń kọ mí lóminú. Oṣù 6 láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ni WRC fún èèyàn láti mú ẹ̀sùn wá. Wọ́n lè sún un dé 12 bí ìdí gidi bá wà, ṣùgbọ́n kí ló dé tá a fi máa gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn? Yúrò 60 tí wọ́n kọ́kọ́ yọ ti ń bọ́ sẹ́yìn oṣù 6 báyìí. Kó kó payslip gbogbo jọ lónìí, kó fi ránṣẹ́ sí yín náà. Kó tún ṣírò wákàtí rẹ̀: láti January 2026, owó tó kéré jù fún àgbàlagbà ni yúrò 14.15 ní wákàtí kan.

Nǹkan kan tún wà: láti September 2024, ẹni tó bá ti lo oṣù 9 lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́kọ́ gbà á lè béèrè láti lọ bá ọ̀gá mìíràn lẹ́nu irú iṣẹ́ kan náà. Ó ti sún mọ́ ọn.

Agbẹjọ́rò_Oyèmẹkùn:
Bàbá Tópẹ́ ti sọ ti ọ̀hún. Ti ilé ńkọ́? Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tó wà ní Àkúrẹ́ yìí ò ní gbọ́ ẹjọ́ Cork, àmọ́ agent yẹn ò sí ní Cork. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí ẹni tó bá ń gbani síṣẹ́ fún ẹlòmíràn gbàwé àṣẹ. Ẹ ní kó fi tiẹ̀ hàn yín. Ẹ mú rìsíìtì yín dání.

ÌyáÌbejìÌsinkàn:
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lóore. Àbúrò mi ti ń ya àwọn payslip náà ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pe agent lórí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Ó ní òun wà ní mítìn.