Ìrírí wa lórí ìṣirò ìpinnu: bọ́ọ̀hóò ní Iléṣà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ omi tí mo ṣe fún ìjọ kan ní Iléṣà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé àpáta ló wà nísàlẹ̀. Inú òkúta tó ti rà àti ibi tí àpáta ti là ni omi ń sá pamọ́ sí. Ẹ lè gbẹ́ bọ́ọ̀hóò kí omi ya, kí aládùúgbò yín gbẹ́ tirẹ̀, kó má rí ju eruku lọ. Àwọn àgbà ìjọ ti mú ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àlùfáà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣírò ó ná.

Ká ní gbígbẹ́ ẹ jẹ́ mílíọ̀nù 2 náírà. Mo wádìí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóò ládùúgbò náà, mo wá fi í sí pé nínú 10, 4 lè má lómi. Àdánù tó rọ̀ mọ́ ọn nígbà náà, ìyẹn 4 nínú 10 lára mílíọ̀nù 2, jẹ́ 800,000. Bí àwọn tó ń fi iná mànàmáná yẹ ilẹ̀ wò bá gba 150,000, tí 4 yẹn sì di 2, àdánù di 400,000. Ẹ ro owó wọn mọ́ ọn, 550,000, ó ṣì kéré sí 800,000. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìṣirò yìí nìyí: ó ń sọ iye tó yẹ kéèyàn san láti mọ nǹkan kó tó dáwọ́ lé e. Ká ní 500,000 ni wọ́n pè é ni, àpapọ̀ ì bá di 900,000, mi ò ní gbà.

Wọ́n dé, wọ́n ń kan irin mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ ti gbẹ, wọ́n sì ń da omi iyọ̀ sí ìdí irin kọ̀ọ̀kan kí iná lè wọlẹ̀. Ibi tí àwọn àgbà mú kò dáa rárá, àpáta ti sún mọ́ òkè jù. Ẹ̀yìn ilé-ìwé ọmọdé ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́wọ́ ti wálẹ̀, ó sì lè jẹ́ àmì omi. Amọ̀ náà sì máa ń mú nọ́ńbà wálẹ̀ bí omi ṣe ń ṣe, ìdí tí mo fi kọ 2 nìyẹn, tí mi ò kọ òdo.

Ìgbà náà ni màmá kan sọ̀rọ̀: "Ẹnjiníà, owó ìkórè ni o. Bí ilẹ̀ bá gbé e mì, a ò ní òmíràn." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Daniel Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò, ti là á yé wa láti 1738 pé iye owó kan náà kì í wúwo bákan náà lọ́wọ́ olówó àti lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. A bá agbẹ́lẹ̀ ṣàdéhùn pé bí kò bá lómi, ìdajì ló máa gbà. Bí ó bá lómi, a ó fi nǹkan lé e. Níbi ìṣirò náírà lásán, àdéhùn yẹn wọ́n. Fún ìjọ náà, òun ló tọ́.

Omi yọ. Ká ní kò tiẹ̀ yọ, mi ò ní pe ìpinnu yẹn ní àṣìṣe.

*Èsì láti Ilé-Ifẹ̀:*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Tèmi ni ti páìpù abẹ́ ọ̀nà oko kòkó kan. Bàbá tó ni oko ní ìkún omi ńlá yẹn kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá, kí n fi páìpù kékeré sí i. Mo ní, "Bàbá, bí ó bá jẹ́ 10 nínú 100 lọ́dọọdún, kó tó pé ọdún 10, 65 nínú 100 ni pé ẹ ó rí i, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè iye tí páìpù ńlá jẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.