Iṣẹ́ kan náà ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí sáfà Java: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Áàpù ìtajà kan ni mò ń bójú tó. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló gbọ́dọ̀ máa yẹ owó tí báńkì ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ wò, kó sì fi SMS ránṣẹ́ sí oníbàárà. ScheduledExecutorService (irinṣẹ́ Java tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un) ni mo lò, pẹ̀lú scheduleAtFixedRate, tó ń tún iṣẹ́ náà ṣe léraléra.

Lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ náà á kàn dákẹ́ lóru, log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí sáfà) ò sì ní sọ nǹkan kan. Exception (àṣìṣe tó yọjú bí iṣẹ́ ṣe ń lọ) tí a ò bá mú nínú iṣẹ́ ló ń fà á: inú Future (ibi tí Java ń fi àbájáde iṣẹ́ sí) ló ń sápamọ́ sí, Java ò sì ní pe iṣẹ́ náà mọ́. Try àti catch, tó ń mú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ti yanjú ìyẹn.

Èyí tó kù ló le. Sáfà ti di méjì báyìí, méjèèjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà, oníbàárà sì ń gba SMS méjì lórí owó kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ owó ni o, ó ń já àwọn èèyàn láyà! Synchronized (àgádágodo inú Java) ò lè ràn mí lọ́wọ́, torí agbára ẹ̀ ò kọjá inú JVM kan (ẹ̀rọ tó ń mú Java ṣiṣẹ́), sáfà kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀.

Ṣé kí n gbé Quartz (irinṣẹ́ Java míì tó ń ṣètò àkókò iṣẹ́) wọlé ni, àbí kí n lo advisory lock (àgádágodo tí dátábéèsì ń bá wa mú) ti PostgreSQL, dátábéèsì wa? Èyí kejì wù mí jù, torí kò nílò tábìlì tuntun, bí sáfà bá sì kú, lock náà á tú fúnra rẹ̀. Àmọ́ bí sáfà bá kú lẹ́yìn tí SMS ti lọ, kó tó kọ ọ́ sí dátábéèsì ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń dí ihò yẹn?