Ta ló ti lo ike tí wọ́n ń kì bọ ihò imú nítorí híhanrun?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bàbá àwọn ọmọ mi ni mo ń bá bèèrè. Ẹni ọdún 46 ni wọ́n, ihò imú wọn ọ̀tún sì ti máa ń dí láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti bà wọ́n nímú nílé ìwé. Bí wọ́n bá ti sùn, ẹnu á là sílẹ̀, wọ́n á wá máa hanrun débi pé àbíkẹ́yìn wa ń jí ní yàrá kejì. Bílẹ̀ bá mọ́, ọ̀fun wọn á gbẹ táútáú.

Lálẹ́ àná, mo ní kí wọ́n fi ìka méjì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n mí. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ wọlé fàà! Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ike yìí lè ràn wọ́n lọ́wọ́, torí ńṣe lòun náà ń la ihò imú sílẹ̀ látinú. A ti lo èyí tó dà bíi pílásítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí imú, àmọ́ tí kò bá síná tí fáànù ò yí, òógùn á ti ṣí i kúrò kó tó di aago méjì òru.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo ti inú imú, ṣé kì í dunni? Ṣé kì í já bọ́? Báwo lẹ ṣe mọ ìwọ̀n tó bá yín mu?

Mo mọ̀ pé bí èémí bá ń dá dúró lójú oorun, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn, ike ò lè wò ó. Òru mẹ́ta ni mo ti fi jókòó tì wọ́n, tí mò ń ṣọ́ àyà wọn. N kò rí i kó dúró, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Àmì wo ló tún yẹ kí n máa wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.