Èwo ló ń wọ ihò wo lẹ́yìn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀?

Ìyá Oníbébà, Under G:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, ibi tí àwọn ọmọ LAUTECH ti ń wá tẹ project. Mo ra workstation tòkunbọ̀ kan, àpótí gàgàrà tó wúwo bí ọlọ. Yàtọ̀ sí wáyà iná, ẹni tó tà á kò fún mi ní nǹkan kan. Mọ́nítọ̀ mi àtijọ́ ni mo fẹ́ lò, VGA tó ní ìdè méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò VGA wà lókè lẹ́yìn rẹ̀, nítòsí àwọn ihò USB. Mo ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ̀ ọ́, "No Signal" ló ń kọ ṣáá. Nísàlẹ̀, àwọn ihò kan tún dùbúlẹ̀: ọ̀kan funfun, ó fẹ̀, àwọn méjì yòókù jọ HDMI ṣùgbọ́n igun kan ṣoṣo ni wọ́n gé lára wọn. Ihò róbótó méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, USB dúdú àti búlúù. Pírńtà, kíbọ́ọ̀dù, sípíkà, hard disk ìta, ibo ni kí n ki oníkálukú bọ̀? Ọjọ́ Ajé làwọn ọmọ máa ya dé.

Àjàní Tákìé:
Màmá, ẹ kú ọjà. Ẹ fi tòkè sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ki mọ́nítọ̀ bọ̀.

Baba Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:
Òótọ́ ni Àjàní sọ, àmọ́ kò sọ ìdí rẹ̀. Ara motherboard, pátákó ńlá inú àpótí, ni ihò tòkè ti yọ, processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló sì ń fún un ní àwòrán. Kì í ṣe gbogbo processor ló ní ẹ̀yà àwòrán nínú. Ẹ wo Xeon tí wọ́n máa ń kó sínú irú àpótí bẹ́ẹ̀: E3-1245 ní in, E3-1240 kò ní in, bẹ́ẹ̀ orí motherboard kan náà ni àwọn méjèèjì lè jókòó sí. Ìyẹn ni ihò fi lè wà kí nǹkan kan má jáde níbẹ̀. Kódà bó bá ní in, tí graphics card, káàdì tó ń ṣe àwòrán fún mọ́nítọ̀, bá ti wọ inú àpótí, kọ̀ǹpútà sábà máa ń ti ihò tòkè pa fúnra rẹ̀. Àwọn tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn, ti graphics card ni.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí owó ti ń ṣòfò. Ihò funfun yẹn, DVI ni. Wọn á fẹ́ ta orí kékeré kan fún yín tó ń sọ DVI di VGA. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò náà. Ojú pẹlẹbẹ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ihò kéékèèké mẹ́rin bá yí i ká, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, DVI-I ni, VGA á ṣiṣẹ́. Bí ojú pẹlẹbẹ yẹn bá dá wà, DVI-D ni, orí yẹn ò wúlò fún yín. Èyí tó ń sọ DisplayPort di VGA ni kẹ́ ẹ rà. Àwọn méjì tí wọ́n gé igun wọn yẹn ni DisplayPort. Ọ̀pọ̀ wáyà rẹ̀ ló ní ìkọ́: ẹ tẹ orí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á. Àwọn kan máa ń fà á bí ẹní fa ẹ̀gẹ́ tu, ihò á sì bá a jáde.

Ihò róbótó: elésè àlùkò ti kíbọ́ọ̀dù, aláwọ̀ ewé ti máòsì. PS/2 ni, láti ọdún 1987 ni IBM ti gbé e jáde. Ẹ má kì í bọ̀ ọ́, ẹ má yọ ọ́, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́. USB ló gba irú ìyẹn. USB dúdú, 2.0 ni, 480 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, búlúù, 3.0 ni, 5,000. Pírńtà kò nílò eré, dúdú tó o. Hard disk ni kẹ́ ẹ fún ní búlúù. Sípíkà, ihò kékeré aláwọ̀ ewé. Píńkì, ti máíìkì.

Bí pírńtà yín bá jẹ́ laser, ara ògiri ni kó ti máa mu iná, kì í ṣe ara UPS. Nígbà tó bá ń gbóná láti lẹ ìyẹ̀fun dúdú mọ́ bébà, iná tó ń fà pọ̀ ju agbára UPS kékeré lọ.

Ìyá Oníbébà, Under G:
Bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ojú pẹlẹbẹ yẹn dá wà lóòótọ́! Mo ra ti DisplayPort, àwòrán ti jáde. Ṣùgbọ́n máòsì aláìníwáyà mi ń fò kiri bí mo bá ti ń kó fáìlì sínú hard disk. Pírńtà náà ti di méjì lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan ń jẹ́ "Copy 1", èyí tí mo ń rán iṣẹ́ sí kò dáhùn.

Àjàní Tákìé:
Ẹ ti gbé wáyà pírńtà kúrò ní ihò tó wà tẹ́lẹ̀, Windows rò pé tuntun ló dé. Ẹ dá a padà síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ máa lo Copy 1, kẹ́ ẹ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ lẹ téèpù sí ihò náà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Baba Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:
Ti máòsì, ó dájú pé ẹ̀gbẹ́ hard disk lẹ ki orí USB rẹ̀ kékeré bọ̀. Bí USB 3.0 bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń dá ariwo sílẹ̀ ní ìgbì 2.4 GHz, ibẹ̀ gan-an sì ni máòsì aláìníwáyà ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbé orí rẹ̀ lọ sí iwájú àpótí. Tí ẹ bá bi mí, oníwáyà ni mo máa rà fún irú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bátìrì aláìníwáyà kì í tán àfi tí kọ́sítọ́mà bá tò síta.