Bọ́ílà wa ti kú, kòrónà sì tì wá mọ́lé: ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì, Manchester (Ọjọ́rú, 10 Fẹ́búárì 2021, 9:40 alẹ́)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá mọ̀ nípa bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi àti ilé gbóná, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Láti àárọ̀ ló ti ń dún gọ̀lọ̀-gọ̀lọ̀ bí ẹni tó ń fi omi yọnu, ó wá dákẹ́ fín-ín. Iná pupa nìkan ló ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀. Bàbá Ìbejì ló kọ́kọ́ gba èsì àyẹ̀wò lọ́jọ́ Àìkú, èmi gba tèmi lánàá, àwa márààrún la sì wà ní àhámọ́ ọjọ́ mẹ́wàá. Mo pe lánlọ́ọ̀dù, ó ní kò sí ẹnjiníà tó máa wọ ilé tí kòrónà wà, pé ká fara dà á títí a ó fi jáde. Nínú òtútù yìí! Kóòtù làwọn ìbejì wọ̀ ṣe kíláàsì orí Zoom. Kẹ́hìndé gbé fìlà abetí ajá bàbá ẹ̀ dé, ó sọ etí ẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, tíṣà wá ń bi í bóyá ọdún ìbílẹ̀ wa la ń ṣe. Ìdòwú kò tíì jáde lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì láti ọ̀sán.
Ọ̀rọ̀ kejì: ibi tí mo ti ń ṣe kíà, iṣẹ́ ìtọ́jú èèyàn, ní owó àìsàn, £95.85 lọ́sẹ̀, làwọn máa san fún mi. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń gba £500 tí káńsù, ìjọba ìbílẹ̀, ń fún ẹni tó wà ní àhámọ́ yẹn? Orí ń fọ́ mi, mi ò lè ronú.

Sísí Leeds (9:46)
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Gọ̀lọ̀-gọ̀lọ̀ yẹn ni mo fi dá a mọ̀. Bọ́ílà yín ò kú, páìpù ẹ̀yìn ló dì. Ẹ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ wo ara ògiri tí bọ́ílà fẹ̀yìn tì. Ẹ ó rí páìpù oníke kan tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Ibẹ̀ ló ń gbà tọ̀. Omi inú ẹ̀ ti di yìnyín, kò ríbi tọ̀ sí mọ́, ló bá pa ara ẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ máa dà sí i lára.
Ẹ MÁ DA OMI HÍHÓ O. Mo dà á lọ́dún 2018, odindi kẹ́tùlù kan. Páìpù là gbàà bí awùsá. £180 ni mo fi kọ́gbọ́n.

Alhaji Peckham (9:52)
Kí páìpù tó yọ́, òtútù á ti mú àwọn ọmọ. Ẹ tan gáàsì, ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọ́ọ̀fùn sílẹ̀, kí gbogbo yín kóra jọ sí kíṣìnì, kẹ́ ẹ fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní Peckham láti 1998.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham (9:53)
Háà, Alhaji! Ìyá Ìbejì, ẹ má gbọ́ tiwọn o. Ẹ má dán an wò.

Alhaji Peckham (9:55)
Kí ló dé? Ogójì ọdún ni ìyá mi fi dáná igi nínú kíṣìnì, tó yan ẹja níbẹ̀, ó sì pé 87 kó tó lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìwé ti bà yín lẹ́rù jù.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham (10:01)
Kíṣìnì ìyá yín n'Ìkirè, ògiri mélòó ló ní? Páànù wà lókè, atẹ́gùn ń gba iwájú wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn jáde, adìyẹ pàápàá ń bá a kọjá. Fèrèsé onígíláàsì méjì tí wọ́n fi rọ́bà dí lẹ́nu ni Ìyá Ìbejì ní, ẹ wá ní kó tún fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ níta rí. December 2010, bọ́ílà wa kú. Ọkọ mi gbé ààrò tá a fi ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé wọlé, tòun ti ẹyinná. Ó ní eléèédú ti jóná tán, kò léèéfín mọ́. Kò tó wákàtí kan tí àkọ́bí mi bẹ̀rẹ̀ sí í képe orí, ó bì, ó ní orun ń kun òun. Ibà ni mo pè é. Èmi nọ́ọ̀sì! Mo ń wá parasitamọ́ọ̀lù kiri nígbà tí aládùúgbò wa, òyìnbó arúgbó kan, kanlẹ̀kùn, tó gbóòórùn eléèédú, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé wa lórí. Òórùn eléèédú ló yọ wá, nítorí gáàsì tó ń pani, carbon monoxide tó ń ti ara iná jáde, ò lóòórùn, kò láwọ̀. Àyè atẹ́gùn ló ń gbà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni.
Ìyá Ìbejì, orí tó ń fọ́ yín yẹn, ṣé ẹ ti tan gáàsì lónìí?

Ìyá Ìbejì, Manchester (10:05)
Ojú méjì ni mo tàn láti aago mẹ́ta. Mo ti pa á. Mo ti ṣí wíńdò. Àyà mi ń já.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham (10:06)
Ẹ kó gbogbo wọn bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé báyìí, kóòtù lọ́rùn. Bí orí bá fúyẹ́ níta, gáàsì ni, ẹ pe 0800 111 999, wọn kì í sùn. Bẹ́nì kan bá dákú tàbí tí kò lè mí dáadáa, 999 ni. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ra aago tó ń ké bí gáàsì yẹn bá wà nínú ilé. Kò wọ́n.

Alhaji Peckham (10:10)
Kòrónà ló ń fọ́ ọ lórí, ẹ má pa á láyà.

Màmá Tóbi, Peckham (10:12)
Alhaji, orí kan náà ni kòrónà àti gáàsì ń fọ́. Ẹ jẹ́ ó bọ́ síta ná. Peckham kan náà làwa náà wà, a ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má fi tiyín bà wá lórúkọ jẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Winnipeg, Canada (10:20)
Ẹ jọ̀ọ́, kí n béèrè o. Òtútù tí ẹ ń sọ yìí, mélòó ni?

Sísí Leeds (10:21)
-4 ni Manchester lálẹ́ yìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Winnipeg (10:23)
Mẹ́rin!!! Mo ṣèbí ẹ ní òtútù. -30 la jí bá níbí lónìí. Ọkọ̀ gan-an la ń fi wáyà so mọ́ iná mọ́jú bí ẹní so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì má baà dì. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò so ó. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ tuntun ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ní "ṣé o ò so ọkọ̀ ni?" Mo rò pé ó ń bú mi.

Bàbá Àdùnní, Houston (10:31)
Ẹ̀yin ará ìlú òtútù, ẹ kú ìyà o. Bùbá lásán ni mo wọ̀ jókòó síta lánàá tí mo ń jẹ ẹ̀pà. Èmi ò mọ ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀. Ẹ máa bọ̀ ní Texas, gbogbo ará Ìbàdàn ti wà níbí.

Màmá Tóbi, Peckham (10:33)
A ò wá. Iye tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ yín tí ẹ bá fi kòrónà dé ọsibítù yín, a ti gbọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì, Manchester (10:50)
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Orí náà fúyẹ́ díẹ̀ níta, ṣùgbọ́n tọ́mọ ò fọ́, Bàbá Ìbejì sì ní tòun kò yàtọ̀. Mo ti fi nọ́mbà yẹn pe wọ́n, wọ́n ní ká má tan nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n rán ti wá wò ó, wọ́n bo imú dé ojú, wọn ò rí gáàsì kankan mọ́. Mo sì ti rí páìpù yẹn, ẹ̀yìn garawa ìdọ̀tí ló sá pamọ́ sí. Mo fi ìgúnpá wo omi bí ìgbà tí a fẹ́ wẹ ìkókó, mo ń rọra dà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Jọ́ọ̀gì kìíní, kò sí. Ìkejì, kò sí. Nídìí ìkẹta mo gbọ́ gbùlú, yìnyín kan tó tó ìka ọwọ́ ọmọdé já bọ́ sínú gọ́tà. Táíwò tó ń yọjú ní wíńdò kígbe bí ẹni tó gbá góòlù wọlé. Bọ́ílà ti ń dún o! Àmọ́ ọwọ́ aago ẹ̀ wà ní 0.4, irin ara ògiri ò sì gbóná. Èwo tún nìyẹn?

Sísí Leeds (10:54)
Omi inú ẹ̀ ló kéré. Láàárín 1 sí 1.5 ló yẹ kó wà. Ẹ wo abẹ́ bọ́ílà, okùn onírin kan wà tó ní ẹ̀rọ ìtì méjì. Ẹ rọra ṣí i, kí ọwọ́ aago gòkè, kẹ́ ẹ tún tì í. Ẹ má gbàgbé àtitì í o!

Alhaji Peckham (10:57)
Tiwa ò ní okùn kankan. Kọ́kọ́rọ́ oníke funfun kan ni wọ́n ń fi sí i. Oríṣi bọ́ílà wo ni?

Sísí Leeds (10:58)
Alhaji, ṣé ẹ ò tíì lọ sùn ni?

Màmá Tóbi, Peckham (11:04)
Irọ́ ni lánlọ́ọ̀dù yẹn ń pa. Iṣẹ́ tó bá lè dúró ni ìlànà ìjọba ní kí wọ́n má wọ ilé àhámọ́ ṣe. Bí ewu bá wà fún ará ilé, ẹnjiníà lè wọlé, kí ẹ̀yin wà ní yàrá mìíràn, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pe tèmi lọ́dún tó kọjá. Nígbà tọ́rọ̀ dé ọ̀dọ̀ káńsù, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí.
Ní ti £500, ẹ nílò nọ́mbà tí Test and Trace, àwọn tó ń tọpa kòrónà, fún yín. Ṣé ẹ wà lórí Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba?

Ìyá Ìbejì, Manchester (11:07)
A ò sí níbẹ̀ o. Físà wa ni èyí tó ní ká má fọwọ́ kan owó ìjọba.

Bùọ̀dá Kóyè, Luton (11:09)
Ẹ má béèrè o! Wọ́n á rí i lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tún físà ṣe.

Màmá Tóbi, Peckham (11:11)
Bùọ̀dá, ẹ má dẹ́rù bà á. Ẹ̀ka kejì wà tó wà lọ́wọ́ káńsù fúnra ẹ̀. Ẹni tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ní físà yẹn kan náà, wọ́n fún un.

Bùọ̀dá Kóyè, Luton (11:12)
Káńsù wo?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Winnipeg (11:30)
Ẹ wo bí a ṣe ń fi òtútù pọ́n ara wa. Ṣé ẹ rántí ọyẹ́? Ṣakí ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀. Láàárọ̀, ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun bí ẹfun, a ó dáná sẹ́yìn ilé, màmá tó gbà mí sílé á máa sun iṣu. Iṣu gbígbóná, epo, iyọ̀ díẹ̀. Tó bá di aago mẹ́wàá, oòrùn á yọ, ọyẹ́ á kógbá wọlé. Èyí tí a wà níbí yìí ò mọ ilé lọ.

Màmá Tóbi, Peckham (11:34)
Má dá ebi sí mi lára lóru.

Ìyá Ìbejì, Manchester (11:41)
Màmá mi pè láti Òṣogbo lórí WhatsApp. Wọ́n ní kí n fi òrí pa àwọn ọmọ lára, kí n fi adí pa wọ́n látẹ́lẹsẹ̀, kí n sì bo orí mọ́ ewé dóńgóyárò tó ń hó. Mo ní "Màmá, níbo ni mo ti fẹ́ rí dóńgóyárò ní Manchester?" Wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò.

Sísí Leeds (Ọjọ́bọ̀, 11 Fẹ́búárì, 1:15 ọ̀sán)
Ẹ gbọ́ o, -23 ni wọ́n ní ó jẹ́ ní Braemar, ní Scotland, mọ́jú òní. Kò tíì tutù tó bẹ́ẹ̀ nílùú yìí láti 1995. Ìyá Ìbejì, ṣé ọwọ́ aago ti gòkè?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Winnipeg (1:40)
-23? Ẹ kú oríire, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà.

Bàbá Àdùnní, Houston (Ọjọ́ Ajé, 15 Fẹ́búárì, 6:20 àárọ̀ níbí)
Ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ ní kí èèyàn ṣe sí páìpù?

Alhaji Peckham
Áà! Ẹ̀pà ti tán ni?

Bàbá Àdùnní, Houston (6:26)
Alhaji, kì í ṣe eré. Wọ́n mú iná lọ lóru, wọ́n ní àwọn fẹ́ pín in yípo ni, kò sì tíì padà. Yìnyín bo gbogbo àdúgbò. Àwọn ilé tí a ń kọ́ síbí, ooru ni wọ́n fi sọ́kàn kọ́ wọn. Ẹbí wa kan ní ká máa bọ̀, ṣùgbọ́n màmá wọn ò tíì gba abẹ́rẹ́ kòrónà, Àdùnní sì ń húkọ́. Omi ti ń rọra lọ.

Màmá Tóbi, Peckham
NEPA ti gba físà Amẹ́ríkà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Winnipeg (6:31)
Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ti omi gbogbo ilé, ẹ tì í pa, kẹ́ ẹ wá ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi kó gbẹ. Páìpù tí omi ò sí nínú ẹ̀ kò ní í bẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pọn omi sínú gbogbo ìkòkò o.

Bàbá Àdùnní, Houston (6:34)
Níbo ni wọ́n ti ń tì í? Ọdún kọkànlá rèé nínú ilé yìí, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Winnipeg (6:35)
Ẹ wo ẹ̀bá títì, àpótí kan wà nílẹ̀ tó ní ìdérí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham (6:36)
Bàbá Àdùnní, fóònù yín, níbo lẹ ti ń fún un níná?

Bàbá Àdùnní, Houston (6:37)
Inú ọkọ̀ ni. Gbogbo wa la wà nínú ẹ̀, a tan híítà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham (6:37)
Ọkọ̀ wà níbo?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham (6:39)
Bàbá Àdùnní, ọkọ̀ wà níbo?

Alhaji Peckham (6:41)
Ẹ dáhùn o! Ẹni tó bá ní nọ́mbà wọn kó pè wọ́n!

Bàbá Àdùnní, Houston (6:44)
Gáràjì ni. Ilẹ̀kùn ẹ̀ wà ní títì torí yìnyín, ọwọ́ la fi gbé e. A ti wà á síta. Àdùnní ní òun fẹ́ sùn tẹ́lẹ̀, ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham (6:45)
Ẹ jẹ́ ó dúró níta. Ẹ pe 911, kí wọ́n yẹ gbogbo yín wò. Báyìí, ẹ má dúró dìgbà kankan.

Alhaji Peckham (6:52)
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Kíṣìnì ìyá mi ò ní ilẹ̀kùn lóòótọ́.

Ìyá Ìbejì, Manchester (Ọjọ́ Ẹtì, 19 Fẹ́búárì, 8:15 alẹ́)
Bàbá Àdùnní, báwo ni gbogbo yín? A ti jáde ní àhámọ́. Ìrọ̀lẹ́ àná ni ẹnjiníà lánlọ́ọ̀dù ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, ó ní òun ò rí nǹkan kan tó ṣe bọ́ílà. Àmọ́ £500 yẹn, ta lẹ ní ó gbà á, ní káńsù wo?

Bàbá Àdùnní, Houston (8:40)
Iná ti dé, a dúpẹ́. Wọ́n yẹ̀ wá wò, ara Àdùnní ti yá. A ṣì ń se omi kí á tó mu ún. Ìyá Ìbejì, fìlà abetí ajá yẹn, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti rà á? Mo fẹ́ méjì.